Ẹṣin Tí Àna Kò Sanwó Rẹ̀ Tán

Ní gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, Onípákó á dé. Ọkọ̀ funfun rẹ̀ á dúró lẹ́nu géètì ilé ẹṣin, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ á sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Àna wa! Ẹṣin mi ńkọ́?"

Bàbá Ìjánu á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á kí wọn káàbọ̀, á lọ di gàárì mọ́ Jẹ́jẹ́, á sì mú un jáde. Onípákó á gùn ún yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn ọ̀rẹ́ á máa yà á ní fọ́tò. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ gbá ẹṣin náà lọ́rùn, á ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Owó oúnjẹ ẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, gbèsè mi ni. Mi ò kúkú ní sá lọ." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjánu náà á rẹ́rìn-ín. Oṣù keje rèé tó ti ń rín ẹ̀rín yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti ń ro ó.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń kọ́ ẹṣin, kò sì sí ẹṣin tó já okùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ìjánu. Àmọ́ láti ìgbà tó ti ta Jẹ́jẹ́, ó ń ṣe é bíi pé ẹnu tòun gan-an ni wọ́n ki irin ìjánu bọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ Jẹ́jẹ́ dàgbà. Ẹṣin pupa rẹ́súrẹ́sú ni, funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì tutù débi pé ọmọdé lè jókòó lé e kó máa sùn. Nígbà tí Onípákó ní òun fẹ́ rà á, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín owó rẹ̀ sí: kó san ìdá kan lọ́jọ́ tí wọ́n bọwọ́, kó san ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, kó san ìkẹta lẹ́yìn oṣù méjì, kí ẹṣin tó kúrò nílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà irin mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀, tí í ṣe ọ̀rẹ́ Bàbá Ìjánu láti kékeré, ló ṣe ẹlẹ́rìí. Owó kìíní dé lọ́jọ́ tó yẹ, wọ́n fi tún òrùlé ilé ẹṣin ṣe. Ìkejì náà dé, wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ìyàwó rẹ̀. Ìkẹta ló di àwátì.

Lákọ̀ọ́kọ́, Onípákó ní ọkọ̀ tó kó pákó òun ti bàjẹ́ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, òjò ló rọ̀ sórí ọjà. Lẹ́yìn náà, báǹkì ni. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́. Ó kàn ń wá gun ẹṣin ni. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sọ ìgbà tí owó yóò dé, kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá dé. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé òun jẹ́ ẹṣin tí ẹni méjì jọ ni. Ó ń jẹun àárọ̀, ó ń jẹ tọ̀sán, pátákò rẹ̀ ń hù, Alágbẹ̀dẹ sì ń gé e.

Bí Bàbá Ìjánu bá jẹ́ kí ẹṣin lọ, owó lọ nìyẹn. Bó bá dì í mú, ẹṣin á jẹ ẹ́ run. Kó tà á fún ẹlòmíì, owó ẹni ẹlẹ́ni wà lórí rẹ̀. Kó dá owó padà, owó ti di òrùlé, ó ti di ojú. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Kí ló dé tí kò fi lè la ẹnu rẹ̀ kó béèrè owó? Nítorí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Àkọ́bí Onípákó ló fẹ́ ọmọ náà. Òkè ilé Onípákó ni tọkọtaya ń gbé, ṣọ́ọ̀bù pákó Onípákó lọmọ náà ti ń kọ rìsíìtì, oyún oṣù mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá Ìjánu béèrè owó tójú-tójú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an: "Bàbá mi, ṣé ẹ sọ nǹkan kan fún Bàbá ni? Láti àná, ìyá ọkọ mi ò dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn." Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ há a lọ́fun bí egungun ẹja. Kò lè pọ̀ ọ́, kò lè gbé e mì.

Ní oṣù kẹfà, obìnrin kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn wá. Ó rí Jẹ́jẹ́, ó ní òun á san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọ́n ti rà á," ni Bàbá Ìjánu sọ.

"Ta ló rà á?"

"Àna mi ni."

"Kí ni ẹṣin náà wá ń ṣe níbí?"

Obìnrin náà fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ. Ìyàwó Bàbá Ìjánu, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mí kanlẹ̀. "Bàbá ọmọ mi," ló wí, "ojú tí ẹ fi owó Onípákó ṣe yìí, òun náà ni mo fi ń wò yín báyìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan gidi."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni inú rírun mú ẹṣin náà. Bàbá Ìjánu bá a tó ń fi pátákò wa ilẹ̀, tó ń yíjú wo ìhà ara rẹ̀, òógùn ń kán lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó fà á dìde, ó ń mú un rìn yípo àgbàlá. Alágbẹ̀dẹ sáré lọ pe dókítà ẹranko. Dókítà gbé etí lé ikùn ẹṣin, ó mi orí.

"Mo máa ti rọ́bà gba imú ẹ̀, mo máa da òróró sí i nínú. Tí kò bá yàgbẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, a máa gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lọ là á nínú ni. Owó ńlá nìyẹn. Ta ló ni ín?"

Bàbá Ìjánu di okùn ẹṣin mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì pe Onípákó, ó sì tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde síta.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹṣin yín ń ṣàìsàn, àìsàn ọ̀hún le. Dókítà ní bóyá wọ́n á là á nínú, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ wí sí owó ẹ̀."

Ohùn Onípákó jáde ketekete. "Ẹṣin tèmi kẹ̀? Ṣé mo ti sanwó tán ni? Ẹni tí ò tíì sanwó tán, kò tíì ra nǹkan kan. Ẹṣin yín ni, àna wa. Ẹ tọ́jú ẹṣin yín." Ó sì pa fóònù.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Alágbẹ̀dẹ wo dókítà. "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni dókítà wí, ó sì ń wá rọ́bà rẹ̀ nínú àpò.

Wọ́n da òróró sí i nínú. Bàbá Ìjánu àti Alágbẹ̀dẹ ń gba okùn lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń mú ẹṣin rìn, bó bá fẹ́ wólẹ̀ wọ́n á fà á, wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Oòrùn ti ń pọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ dúró gbọnin, tó gbé ìrù sókè, tó sì yàgbẹ́ sílẹ̀ gbàgà. Alágbẹ̀dẹ ju fìlà sókè. "Láyé mi, mi ò dúpẹ́ lórí ìgbẹ́ rí!" Bàbá Ìjánu fi iwájú orí ti ọrùn ẹṣin náà. Gbogbo owó tó kù nílé ni dókítà gbà lọ.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àna rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ẹṣin sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà á. Bó bá dé Sátidé, tí Onípákó dé, kí ni yóò sọ? Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọmọ náà wá fúnra rẹ̀. Ó rọra jókòó lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí, ó na ẹsẹ̀ tó ti wú.

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹ pe Bàbá," ló wí. "Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

"Má da ara ẹ láàmú. Ọ̀rọ̀ àgbà ni."

"Bàbá mi, ẹ rò pé ẹ ń dáàbò bò mí ni. Tí ẹ bá béèrè owó yín, wọn ò ní dá mi lóhùn. Tí ẹ ò bá béèrè, wọ́n á máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀ nídìí oúnjẹ: àna tó ń bá wọn sin ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi á máa gbé òkèlè mì. Èwo ló wá sàn níbẹ̀?"

Bàbá Ìjánu fa koríko kan yọ, ó ń já a sí wẹ́wẹ́.

"Èmi ni mò ń kọ rìsíìtì. Mo mọ iye tó ń wọlé. Owó wà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní béèrè ni."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Ó mọ̀. Òun náà ń bẹ̀rù wọn, bíi tiyín." Ọmọ náà fa ọwọ́ baba rẹ̀. "Aboyún ni mí, Bàbá mi. Èmi kì í ṣe ẹyin tí ẹ ó máa fi òwú wé. Ẹ yé fi mí ṣe àwáwí."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló ká a lára jù.

Ní Sátidé, ọkọ̀ funfun dé. "Àna wa! Ẹṣin mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé ara ẹ̀ ti yá."

Bàbá Ìjánu ò lọ mú gàárì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ sápò. "Bàbá, ẹ ò ní ẹṣin níbí mọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà gbọ́, Alágbẹ̀dẹ gbọ́."

Onípákó rẹ́rìn-ín. "Àwàdà ni mò ń ṣe jàre."

"Inú tó ń run ẹṣin kì í ṣe àwàdà. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ san ìdá tó kù lónìí, pẹ̀lú oúnjẹ oṣù méje tí ẹ ní kí n máa kọ sílẹ̀, àti owó dókítà."

Ẹ̀rín kú lójú Onípákó. Ó yíjú sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá wò ó! Àna mi ń sìn mí lówó ní gbangba!" Ẹni tó ń ya fọ́tò tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. "Ó dáa," ni Onípákó wí, "ẹ dá owó mi padà nígbà yẹn."

"Mi ò ní i lónìí. Mo ti ná an. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Màá yọ owó oúnjẹ rẹ̀, màá kó èyí tó kù fún yín."

Onípákó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rántí o. Inú ilé mi lọmọ yín ń gbé."

Ohun tó ti ń dẹ́rù ba Bàbá Ìjánu láti oṣù méje ló jáde síta yẹn. Ó yà á lẹ́nu pé kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Ẹṣin ni mo tà fún yín," ló wí. "Mi ò fi ọmọ mi dógò."

Obìnrin onílé ẹ̀kọ́ ti ra ẹṣin mìíràn nígbà tí Bàbá Ìjánu pè é. Ó ní òun ṣì lè fi kún un, ṣùgbọ́n nítorí àìsàn tó ṣe é, ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ìdá mẹ́ta lòun á san. Bàbá Ìjánu gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé Jẹ́jẹ́, ó kọ̀ láti gun ọkọ̀. Òun tó tọ́ ọ dàgbà ló mú un lókùn wọlé, tó sì jọ̀wọ́ okùn fún wọn.

Òun àti Alágbẹ̀dẹ ló gbé owó lọ sí ṣọ́ọ̀bù pákó. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó oúnjẹ, ìdá kan àti ààbọ̀ ló kù tó jẹ́ ti Onípákó. Ti dókítà, Bàbá Ìjánu kò yọ ọ́. Onípákó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kí wọ́n jókòó. Eruku igi ń fò, ẹ̀rọ ń la pákó lẹ́yìn ilé. Ọmọbìnrin náà dìde nídìí tábìlì, ó fi ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ yí ká, ó gbé àga tirẹ̀ wá fún baba rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó dúró tì í, wo baba tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ gbé òmíràn wá fún ìyàwó rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà mú ìwé rìsíìtì, ó ń kọ ọ́. Ó dúró. "Bàbá," ló bi Onípákó, "ṣé kí n kọ ọ́ pé kò ku nǹkan kan láàrin yín?"

Bàbá Ìjánu jókòó sórí àga náà, kò kúrò.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Onípákó wí, ó sì kọjá sẹ́yìn ilé níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké.