Ọwọ́ Tó Wúwo ní Pradals

Bọ́ọ̀sì Gaudenz ti darúgbó débi pé bó bá wúkọ́ ní Pradals, ewúrẹ́ á sín ní Surcrap, abúlé tó wà lẹ́yìn òkè. Yìnyín tó funfun nígbà tó ń bọ̀ lójú ọ̀run, èéfín bọ́ọ̀sì náà á ti sọ ọ́ di èédú kó tó kanlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Gaudenz fi gbé àwọn tó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín yípo òkè, láti abúlé kan dé èkejì, wákàtí kan gbáko. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tó bá fò kọjá lórí òkè náà ò ní lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tí wọ́n wá fẹ́ ṣe nìyẹn: ọkọ̀ tí yóò máa rìn lórí okùn irin, tí iná mànàmáná yóò máa fà, tí yóò so ibi eré yìnyín abúlé méjèèjì pọ̀, kí àlejò lè pọ̀ sí i. Surcrap ti gbà. Ó ku Pradals. Bí Pradals náà bá gbà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gaudenz nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Duri alága, tó ní òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò ti ń sá fún, dìde.

"Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ orí okùn, kó nawọ́ sókè."

Ẹnì kan ò nawọ́. Wọn kì í dìbò ìkọ̀kọ̀ ní Pradals. Ojú gbogbo ayé lèèyàn á ti nawọ́. Gaudenz sì rèé níwájú, ó kọjú sí wọn. Kò sẹ́ni tí kò gbé òun tàbí ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé rí níbẹ̀. Ọwọ́ wọn wúwo bí ìgbà tí wọ́n so màlúù mọ́ ọn. Duri fúnra rẹ̀ ki tirẹ̀ bọ àpò.

Inú Gaudenz kọ́kọ́ dùn. Bọ́ọ̀sì òun yè! Àfi bó ṣe rí i pé ńṣe ni wọ́n ń wo òun bí ẹni ń wo òkú. Chatrina tó ń ṣe búrẹ́dì tilẹ̀ ń nu ojú.

"Chatrina, ta ló kú?"

"Kò sí o, Bàbá Gaudenz. Àánú yín ló ń ṣe wá."

"Àánú kẹ̀? Ṣebí ìwọ yìí lo sọ lánàá pé bọ́ọ̀sì mi ń jẹ́ kí búrẹ́dì rẹ rùn bíi táyà tó ń jó?"

"Ó ń rùn lóòótọ́, bàbá. Ẹ má bínú."

Ẹ̀rín sọ.

"Duri, yàrá mélòó ló ṣófo lọ́dọ̀ rẹ?"

"Mẹ́rìndínlógún, ẹ̀gbọ́n."

Duri wolẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, kò sí kọ́nà tí kì í ti í bì sínú bọ́ọ̀sì náà. Gaudenz wo gbogbo wọn yíká.

"Bí àlejò ò bá wá mọ́, tí ẹ sì kó kúrò nílùú tán, ta ni n ó máa gbé? Òkúta?" Ó nawọ́ tirẹ̀ sókè. "Ẹ gbọ́wọ́ sókè jàre, ẹ̀yin ojo!"

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé méjìléláàádọ́fà.

"Ẹni tí kò fẹ́ ńkọ́?" Duri bèèrè.

Ẹyọ kan péré: Ursina, ìyàwó Gaudenz, ìyá Flurin ọmọ rẹ̀.

"Ursina! Kí ló dé?"

"Bàbá Flurin, látìgbà tí a ti fẹ́ra, ẹ kì í sí nílé lọ́sàn-án. Ohun tó jẹ́ kí n ṣì wà lọ́dọ̀ yín nìyẹn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí yìnyín fi ya lulẹ̀ lórí òrùlé. Ursina ò rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí Duri fi kọ ìbò rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó mú ọwọ́ ọkọ náà, ó tì í bọ inú àpò kóòtù tòun fúnra rẹ̀.