Ihò Kẹta Ò Yó

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ń bọ̀ wá gbé mọ́tò tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ tà, torí ńṣe ló ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni ibà mú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì, bẹ̀bẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi láàárọ̀ yìí péré."

"Òkú mọ́tò lò ń wẹ̀ yẹn!"

Àbúrò tan ẹ́ńjìnnì, ó wọ́n omi sára páìpù mẹ́rin tí èéfín ń gbà jáde. Omi gbẹ ṣáá lórí mẹ́ta. Omi orí páìpù kẹta kàn jókòó, ó ń wò ó, torí páìpù náà tutù. Epo ò tó ihò kẹta tó yẹ kó ti máa jó nìyẹn. Ó pa á, ó yọ nọ́sù, ẹnu tó ń fín epo sí ihò kẹta, ó fi pààrọ̀ ti ihò kìíní, ó tún tan án, ó tún wọ́n omi. Òtútù ti kó lọ sí ìkíní!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ò ṣẹ̀! Nọ́sù yìí lahun!"

Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó dá a padà. Ẹ́ńjìnnì bá ń kùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó bú sórin:

"Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yó o,
Ta ló tún ń sunkún?"

Ẹ̀gbọ́n gbè é, ìdí ń mì. Nígbà tí àwọn onírin fi máa dé, ẹ̀gbọ́n ti wà nídìí ọkọ̀.

"Ẹ yà lọ́nà jàre! Ta ló ní mo ń tà á?"