Bàtà Mẹ́tàlélógún Lórí Àtẹ̀gùn

Èmi Kopila, mo rò pé kò sí ọgbọ́n tí n kò dá láti fi bo ìpàdé wa mọ́lẹ̀. Gbogbo Sátidé la máa ń péjọ sókè ilé kan ní ìlú Patan: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwa tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tí a sì mọ̀ pé obìnrin ni wá. A ń mu tíì, a ń jẹ mómò, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi di ẹran, a ń rẹ́rìn-ín láìwẹ̀yìn. Mo kọ “Ilé Ẹ̀kọ́ Ìránṣọ” sára ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ dí fèrèsé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò. Ọlọ́gbọ́n bíi tèmi, bàtà ni n kò rántí. Ta ló ń wọ bàtà wọlé lọ́dọ̀ wa? Orí àtẹ̀gùn là ń bọ́ ọ sí, ní gbangba. Mẹ́tàlélógún ni lọ́jọ́ náà.

Bàtà búlúù tó wà ní ìparí, ti Sirjana ni. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Jitman, bàbá rẹ̀, ni ṣúmẹ́kà tó ti ń jókòó sẹ́nu àdúgbò wa láti ọdún mọ́kànlá. Lọ́dọ̀ wa, ìran ṣúmẹ́kà ni wọ́n kà sí ìsàlẹ̀ pátápátá: àwọn ìran gíga kì í fọwọ́ kàn wọ́n, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi bàbá náà, kì í sí lẹ́nu àdúgbò, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń ráyè wá. Lokman, ẹ̀gbọ́n Jitman, ti wá ọkọ fún ọmọ náà lábúlé. Ó sì ti búra pé lọ́jọ́ tí òun bá ká a mọ́ àárín àwọn èèyàn bíi tiwa, ọjọ́ náà lòun yóò wọ́ ọ wọ bọ́ọ̀sì lọ fún ọkọ. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì yẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì parí, ayé rẹ̀ náà parí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bu tíì kejì ni mo yọjú lójú fèrèsé. Lokman ló dúró nísàlẹ̀, ó ń bi oníwàrà kan léèrè ọ̀rọ̀, oníwàrà sì ń nawọ́ sí ilé wa. Ìgbà yẹn ni bàtà tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo sáré ṣílẹ̀kùn.

Jitman ti lóṣòó sáàárín àwọn bàtà náà pẹ̀lú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. 

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…”

“Wọlé, kó o tìlẹ̀kùn.”

“Ẹ jẹ́ ká kó wọn wọlé.”

“Ṣé gbogbo eléyìí lo fẹ́ kó kí ẹ̀gbọ́n mi tó gun òkè? Mo ní wọlé.”

Ó gbé bàtà búlúù, ó fi ọ̀bẹ ya ìsàlẹ̀ bàtà náà tó ṣì dára gan-an, ó sì fi òwú sí abẹ́rẹ́. Mo tìlẹ̀kùn, mo fetí lé e.  Sirjana di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Lokman dé, ó ń mí hẹlẹ. “Jitman? Kí lò ń ṣe níbí?”

“Iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń kọ́ ìránṣọ kó bàtà fún mi.”

“Lọ́jọ́ ìsinmi?”

“Ṣé ebi mọ ọjọ́ ìsinmi ni?”

“Ọmọ ẹ ńkọ́?”

“Ó wà ní ọsibítù.”

“Irọ́. Bàtà ẹ̀ rè é.”

“Òun náà ni. Ilé ni mo ti gbé e wá. Àbí ẹ ò rí i pé ó ti ya?”

  Lokman tún ní, “Wọ́n ní àwọn ọkùnrin tó ń wọ sárì bí obìnrin ló wà nínú ilé yìí.”

“Ẹ kanlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀yin ṣúmẹ́kà ọmọ ṣúmẹ́kà, ẹ kan ilẹ̀kùn onílé ìran gíga, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wọlé wá yẹ̀ wọ́n wò. Mo dúró tì yín.”

Lokman kò kanlẹ̀kùn. Ó ṣépè, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Sirjana bọ́ síwájú bàbá rẹ̀, ẹkún ti gbà á. “Bàbá, ẹ ti mọ̀?”

Kò gbójú sókè. “Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń gbọn eruku bíríkì àdúgbò yìí kúrò lábẹ́ bàtà ẹ, Sátidé sí Sátidé. Ọ̀rọ̀ yín ò yé mi. Má ṣàlàyé fún mi. Wọlé, mi ò tíì rán an tán.”

Inú mi dùn débi pé n kò ronú kí n tó sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ wọlé wá mu tíì.”

Ó wo ìloro ilẹ̀kùn, ó wo ojú mi. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

“Ṣé ẹ máa gbà kí n wọlé?”

Ojú tì mí. Ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi ara wa kí a tó kan ilẹ̀kùn yẹn ni. Èmi tí mò ń pariwo pé a kì í lé ẹnikẹ́ni, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ju bàtà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ọwọ́ èmi ọmọ ìran gíga má baà kan tirẹ̀.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò gbà mí gbọ́. Orí àtẹ̀gùn ló ti mu tíì rẹ̀.