Ọgbọ́n Àtẹ̀gùn Itan-Erin

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Itan-Erin ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní irin gbígbé nínú jímù kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Orúkọ yẹn kò parọ́ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ kì í ra ṣòkòtò fún un kó má kọ́kọ́ tú ojú rírán rẹ̀. Ohun tí orúkọ náà kò sọ ni orúnkún ọ̀tún tó ti fara gbọgbẹ́ lábẹ́ irin lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó sì ń wú bí ìyẹ̀fun tó rí ìwúkàrà nígbàkígbà tó bá lóṣòó.

Dókítà eegun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kó fi irin wúwo sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó máa jókòó sórí àga kó sì máa dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó dúró bó bá ti ń dùn ún jù. Itan-Erin dúpẹ́, ó ká ìwé tí dókítà kọ ọ́ sí, ó fi í sápò. Àga kẹ̀? Ìyá àgbà ni wọ́n ń fún nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ojú ń tì í, ìtìjú ló sì borí.

Gígun àtẹ̀gùn jímù náà kò le, sísọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Ó wá rí i pé bí òun bá kọ ẹ̀yìn sísàlẹ̀, tí òun di ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, tí òun ń fi ẹsẹ̀ wá ìpele kọ̀ọ̀kan, ìrora náà á dín kù. Akọ̀wé báńkì kan tó ń kọ́ irin gbígbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í pé kí ló ń ṣe. Òtítọ́ ti dé ètè. Ṣùgbọ́n ó rí bí ojú akọ̀wé náà ṣe ń tàn, irọ́ sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní àṣírí itan òun nìyẹn.

Ta ló ń pa àṣírí mọ́ ní jímù? Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn ló ń fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Alágbàfọ̀ rò pé nǹkan kan ń lé wọn bọ̀ látòkè. Akọ̀wé báńkì fi irin kéékèèké kún un, ẹlòmíì ń di ojú, wọ́n ń jiyàn lórí ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú. Itan-Erin fúnra rẹ̀ ti ń tọ́ wọn sọ́nà pé kí wọ́n gbé gìgísẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn. Bíríkìlà ni. Ó ti jábọ́ lórí pákó ìkọ́lé rí, orúnkún òsì rẹ̀ kò sì bọ̀ sípò tán, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi ń bọ́ aya àti ọmọ méjì. Ó fẹ́ kí itan òun le, kí orúnkún náà lè rí ìsinmi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Itan-Erin bọ́ síta, ó bá a láàárín àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn sísàlẹ̀, ọ̀pá irin wúwo léjìká, tí kò di nǹkan kan mú. Àwọn yòókù dúró lókè, wọ́n ń ka ìpele fún un.

Itan-Erin ro ohun tí òun máa sọ fún ìyàwó òun bí àbúrò rẹ̀ bá jábọ́.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ku mẹ́fà."

"Mo ní gbé e sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Orúnkún ló ń dùn mí, ìdí tí mo ṣe ń fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ nìyẹn."

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Akọ̀wé báńkì ní ọ̀gá ò kàn fẹ́ kí itan àwọn tó tiẹ̀ ni. Itan-Erin kọjú sísàlẹ̀ bí ọmọ aráyé, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ní ìpele kẹta, orúnkún náà yẹ̀. Ó jókòó gbì sórí àtẹ̀gùn, omi lé ròrò sójú rẹ̀, itan ńlá méjèèjì ń gbọ̀n níwájú àwọn tó ń kọ́. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Àwọn méjì sáré gba ọ̀pá náà léjìká bíríkìlà. Ó gòkè wá, ó jókòó ti àna rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún náà ti wú tó orí ọmọdé.

"Láti ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mo rò pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."