Èémí Nínú Ihò Kọ́kọ́rọ́

Bàbá rẹ̀ ti wá, ó ti lọ, ilẹ̀ sì ti mọ́ kí aṣọ́nà ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó sọ fún un.

"Ìyá Oníka, ẹ má bínú," ó ń họrí. "Iṣẹ́ mi parí kí ẹ tó jáde lánàá. Bàbá yín wá. Mo ní kí wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ da iṣẹ́ ọmọ àwọn rú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ síbi ihò kọ́kọ́rọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ra ilé àwọn ń bọ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń padà wá bá àwọn gbé, kí ẹ wí. Wọ́n ní 'mò ń bọ̀' orí fóònù ti tó àwọn gbọ́."

Ó jókòó ti tábìlì tó kún fún àwọn ìka rírọ̀ tó fi ṣítáàṣì àti ewéko òkun ṣe. Wọn kò ní irin, wọn kò ní mọ́tò. Bí ọ̀rinrin bá kàn wọ́n, wọn a ká kò. Bí ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n, wọn a nà. Bí wọ́n bá gbó, ilẹ̀ a jẹ wọ́n bí ewé. Ó fẹ́ kí wọ́n máa gbé ẹyin láì fọ́ ọ. Nítorí wọn ni kò ṣe ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, bí eyín kan tó kù lẹ́nu arúgbó.

Lánàá, ìka ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣàdédé ká kò, ó ń mì bí ẹni tó ń pe ènìyàn. Ó rò pé afẹ́fẹ́ òde ló ń bà á jẹ́. Ó bú u, ó fa téèpù, ó dí ihò kọ́kọ́rọ́ pa. Àṣé èémí bàbá rẹ̀ ni. Ìka gbọ́, ọmọ ò gbọ́.

Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, mo dí ihò mọ́ yín lẹ́nu."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ èébú, mo gbọ́ téèpù, fàà! Mo ní ọmọ mi ṣì ń bínú, ara rẹ̀ le nìyẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni náà ti wà ní pálọ̀. Kí ni kí n wí fún un?"

Ọmọ ṣí téèpù kúrò lójú ihò kọ́kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ìka kékeré náà nà gbọọrọ, kò mì. "Mò ń bọ̀" dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

"Bàbá, mi ò ní padà wá. Ẹ ta ilé náà. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo máa dúró sí."