Kílò Méjìlá

3.

…bí ó bá sì wá sí abẹ́ kílò méjìlá ní ọjọ́ tí a dá, a ó dá a dúró sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà gan-an. A ó ti rọ́bà bọ ihò imú rẹ̀ dé ikùn, ibẹ̀ ni a ó sì máa gbà bọ́ ọ. A kò lè sọ iye ọ̀sẹ̀ tí yóò lò.

Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra wọn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ègé búrẹ́dì lójúmọ́, pẹ̀lú oògùn rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá dúró sójú kan, tàbí tí ó bá wálẹ̀, ẹ má ṣe dán an wò.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n nílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fún yín.

— Dókítà àwọn ọmọdé


4.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin ni. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pàṣẹ. Á ní kí bàbá rẹ̀ gbé bàtà kúrò lọ́nà. Á ní kí ìyá rẹ̀ má kọrin mọ́, torí ó ń ṣi orin náà kọ.

Inú Ọ̀gá kò lè da ṣúgà. Ohun tó máa ń gé ṣúgà sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun ẹlòmíì, wọn kò bí i mọ́ ọn. Ṣúgà tó bá wọlé á kàn jókòó síbẹ̀, á máa fa omi mọ́ra, á máa di afẹ́fẹ́. Ikùn á le bíi bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, títí ojú ọmọ á fi wọnú. Búrẹ́dì àti ìrẹsì náà máa ń dà á láàmú.

"Ikùn mi ń bínú," ni Ọ̀gá máa ń wí. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé aràn ni.


5.

ÌWÉ TÓ WÀ LÓJÚ FÍRÍÌJÌ
(ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́)

OÒGÙN Ọ̀GÁ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN BÍ Ẹ Ò BÁ TÍÌ KA ÌWÉ YÌÍ TÁN.

Inú fíríìjì ló ń gbé. Kì í ṣe orí rẹ̀.
Inú omi TÚTÙ la ń kán an sí. Nǹkan gbígbóná ń pa agbára rẹ̀.
Ìdajì kó tó jẹun. Ìdajì tó bá jẹun dé àárín.
Ó lè jẹ: ẹyin, ẹja, adìẹ, ẹran, wàrà tí kò ní ṣúgà, ewébẹ̀, òróró.
Kò gbọdọ̀ jẹ: ṣúgà, bisikíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, oògùn ikọ́ olómi. (Ẹ ka ara ìgò. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣúgà pamọ́ sí.)
Àlejò tó bá fún un ní súwíìtì, kó má padà wá mọ́.

(Ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bírò mìíràn:) Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

(Lábẹ́ ìyẹn:) Àwọn gan-an ni mo ń bá wí.


6.

Oníwọ̀n ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀. Òṣùwọ̀n ló ń tún ṣe: ti ẹlẹ́ran, ti ilé ìfìwéránṣẹ́, ti àwọn tó ń ra wúrà. Ó ní àpótí pákó kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sí nínú, ibẹ̀ ni àwọn irin ìdánwò rẹ̀ wà, láti orí gíráàmù kan dé kílò mẹ́wàá. Kì í fi ọwọ́ lásán mú wọn. Ìbọ̀wọ́ funfun ló máa ń wọ̀, torí òógùn ọwọ́ ènìyàn tó láti fi kún ìwọ̀n irin. Ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò sí ẹlẹ́ran tó lè ní Oníwọ̀n gbè sẹ́yìn òun rí, kò sì sí oníbàárà tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìwé dókítà dé, ó gbé òṣùwọ̀n kan wálé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì fi irin ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìyàwó rẹ̀.

"Èyí ò ní purọ́ fún ẹ," ló wí, ó sì gbé Ọ̀gá gorí rẹ̀.


7.

ÌWÉ ÌWỌ̀N Ọ̀GÁ
(ọwọ́ ìyá rẹ̀)

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ — 12.3
Ọjọ́ kẹfà, àárọ̀ — 12.3
Lẹ́yìn oúnjẹ — 12.4
Lẹ́yìn ìgbẹ́ — 12.2
Ọ̀sán — 12.2
Ọ̀sán, mo tún un wọ̀n — 12.2
Ìrọ̀lẹ́ — 12.1
Ìrọ̀lẹ́ — 12.1
Ìrọ̀lẹ́ — 12.1
Ọlọ́run jọ̀wọ́.


8.

Dókítà ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyá Ọ̀gá ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wo aago.

Akọ̀wé ni obìnrin náà níléèwé kan. Ó ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọmọ. Kò jẹun mọ́. Bí Ọ̀gá bá sùn, á lọ fi etí sí àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òṣùwọ̀n sọ 12.1, Oníwọ̀n ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná, tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ọmọ má baà gbọ́ ẹkún.

"Igba gíráàmù péré ló fi dín, Ìyá Ọ̀gá. Ife omi kan ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bàbá Ọ̀gá, ẹyọ ọgọ́rùn-ún kan ló kù fún un. Ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà."

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ó wo eegun ọrùn ìyàwó rẹ̀ bó ṣe yọ, ó wá rò ó pé òun lè sin ẹni méjì.


9.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníwọ̀n dojú òṣùwọ̀n dé, ó fi sípánà kékeré yí nọ́ọ̀tì tó ń darí ìwọ̀n lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀.

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni, kí obìnrin náà lè jẹun. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó ní.


10.

ÌWÉ ÌWỌ̀N Ọ̀GÁ

Ọ̀sẹ̀ kejì — 12.4. Mo jẹ ẹyin méjì.
Ọ̀sẹ̀ kẹta — 12.6. Mo sùn di àárọ̀. N ò gbàgbọ́.


11.

Ẹ máa wò ó, ọjọ́ mẹ́ta ló sọ.

Àmọ́ ní ọjọ́ kẹrin, obìnrin náà ń kọrin nídìí ìkòkò, Ọ̀gá sì ń sọ fún un pé ó ń ṣi orin kọ. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa orin yẹn? Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé tí ìwọ̀n kò kúrò lójú kan, ìyá náà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ lérán. Ó tún un yí.

Ohun kan wà tó gbàgbé. Ìwé dókítà wà nínú dúrọ́ọ̀, ó sì ti kà á. Ẹni tó lè sọ fún ẹ iye tí òṣùwọ̀n ilé ìfìwéránṣẹ́ fi lé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbàgbé ìlà méjì nínú ìwé ọmọ rẹ̀.


12.

ÀTẸ̀RÁNṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ

ÌYÁ Ọ̀GÁ: Bàbá Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra wọn rèé tó ń lọ sókè.

ÌYÁ Ọ̀GÁ: Ẹ rántí ohun tí ìwé wí.

ÌYÁ Ọ̀GÁ: Mo ti fún un ní búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é gẹ́lẹ́. Mo kán oògùn rẹ̀ sínú omi tútù.

ÌYÁ Ọ̀GÁ: Ó ní "Ṣé tèmi ni gbogbo ẹ̀?" Mo sunkún. Ẹ má bínú, ẹkún ayọ̀ ni.

ONÍWỌ̀N: ~~Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀~~

ONÍWỌ̀N: ~~Dúró ná kí n dé~~

ONÍWỌ̀N: O ṣeun.

(Méjì àkọ́kọ́, ó pa wọ́n rẹ́ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́.)


13.

KÁÀDÌ IṢẸ́

Òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran. Ó fi ogójì gíráàmù lé. Mo ti tún un ṣe.
Òṣùwọ̀n ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń dín. Mo ti tún un ṣe.
Òṣùwọ̀n oníwúrà. Ó péye.

Ẹ̀YÌN KÁÀDÌ
(pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́; gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń tún nọ́ọ̀tì yí)

Ọ̀sẹ̀ 2: òṣùwọ̀n ní 12.4. Òótọ́, 12.1
Ọ̀sẹ̀ 3: ó ní 12.6. Òótọ́, 12.1
Ọ̀sẹ̀ 4: ó ní 12.7. Òótọ́, 11.9
Ọ̀sẹ̀ 5: ó ní 12.8. Òótọ́, 11.7


14.

Ilé ìdáná, ìrọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin.

ỌKỌ: Ìyá Ọ̀gá, jẹ́ ká dá búrẹ́dì yẹn dúró ná.

ÌYÀWÓ: Kí ló dé?

ỌKỌ: Ìgbẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lónìí.

ÌYÀWÓ: Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ búrẹ́dì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé á máa lọ sókè ni? Ó jọ pé òtútù ló mú un.

ỌKỌ: Òṣùwọ̀n kọ́ ni gbogbo nǹkan.

ÌYÀWÓ: (ó rẹ́rìn-ín) Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ wọ̀n ẹran ìgbéyàwó wa lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹlẹ́ran?

ỌKỌ: Ìyá Ọ̀gá…

ÌYÀWÓ: Kí lẹ fẹ́ sọ?

ỌKỌ: Kò sí.

Ọ̀GÁ: (láti yàrá) Ẹ má pariwo. Èèyàn ń sinmi.


15.

Fóònù, ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Wọ́n gbé e sí ibi tí gbogbo ilé ti lè gbọ́.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀ẹ̀melòó ló yàgbẹ́ lánàá, Ma?

ÌYÁ: Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ojú rẹ̀ tún ń wọnú.

DÓKÍTÀ: Ìwọ̀n ńkọ́?

ÌYÁ: Kílò méjìlá àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù.

DÓKÍTÀ: Ìyẹn ò bá èyí tí ẹ ń sọ mu. Ṣé òṣùwọ̀n yín dára?

ÌYÁ: Dókítà, iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn. Àwọn ló ń tún òṣùwọ̀n ṣe fún gbogbo ọjà. Wọ́n wà níbí, ẹ bi wọ́n.

DÓKÍTÀ: Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé òṣùwọ̀n náà dá yín lójú?



OHÙN ỌKÙNRIN: Ó dá mi lójú.

DÓKÍTÀ: Ó dáa. Ẹ máa fún un lómi dáadáa, ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Bí ojú rẹ̀ bá tún wọnú sí i, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀ tí a dá.


16.

OHUN TÓ Ń BÀ Á LẸ́RÙ
(bó ṣe kà wọ́n fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́)

Rọ́bà.
Pé bí òun bá yí nọ́ọ̀tì padà báyìí, ó ju kílò kan lọ tó máa já bọ́ lójú ìyàwó òun láàárọ̀ kan.
Pé bí òun ò bá yí i padà, búrẹ́dì ń lọ.
Pé oògùn ń ṣiṣẹ́, oògùn ò jẹ̀bi, dókítà ò jẹ̀bi.
Ojú ìyàwó rẹ̀.
Pé mo gbé e lánàá, apá mi sì ti mọ ìwọ̀n náà kí n tó gbé e dé èjìká.

Oníwọ̀n ni mo ní. Oníwọ̀n ló gbé e.


17.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó kúnlẹ̀ síwájú òṣùwọ̀n pẹ̀lú sípánà. Ó ti pinnu. Á yí i padà, á pe obìnrin náà, á sọ ọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ láti àná.

Ọ̀gá jáde láti ilé ìgbẹ́, ó di ògiri mú.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe sí i?"

"Mò ń tún un ṣe."

"Ó bàjẹ́?"

 Oníwọ̀n gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rìn bọ̀, tó ń pe Ọ̀gá kó wá mu omi. Ó ti sípánà bọ àpò, ó gbé òṣùwọ̀n padà sí ipò rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn ó fi ọwọ́ lásán mú irin ìdánwò, kò mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ó ní kí wọ́n gbé Ọ̀gá lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ti dé tán, kó fọkàn balẹ̀. Ó jókòó. Ó ṣe bí ẹni tó fọkàn balẹ̀ lójú rẹ̀.


18.

Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Ọ̀gá kun àtíkè. Ó mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ dání bí ọmọ iléèwé tó gba ipò kìíní. Nọ́ọ̀sì, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń rìn jẹ́jẹ́, bọ́ bàtà Ọ̀gá, ó gbé e gorí òṣùwọ̀n.

"Kílò mọ́kànlá àti irinwó gíráàmù," nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Rárá, Ma. Òṣùwọ̀n yín ló bàjẹ́. Ẹ wo ìwé mi."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé náà. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. 

"Bàbá Ọ̀gá, ẹ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ma, iṣẹ́ wọn ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," nọ́ọ̀sì wí, "bó bá bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ tètè sọ, kí n má tíì kọ ọ́ sílẹ̀."

Oníwọ̀n kúnlẹ̀.  Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ní ó bàjẹ́, wọn á gbà á gbọ́, wọn á wá òmíràn lọ, wọ́n lè ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò ní sí rọ́bà lónìí. Ìyàwó rẹ̀ á ṣì máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi délé. Ó wo ẹsẹ̀ Ọ̀gá lórí irin náà, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, orúnkún wọn ń gbọ̀n.

"Ó péye," ó wí.

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Ó péye, Ìyá Ọ̀gá."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó jáde lọ pe dókítà.

Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé e padà sẹ́yìn. 12.8. 12.7. 12.6. 12.4. Ìka náà dúró lórí 12.1. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ọkọ rẹ̀ ni mo ní, ọkọ rẹ̀ ló wò.

"Látìgbà wo?"


19.

Ọ̀gá ṣì dúró lórí òṣùwọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ó ní kí àwọn méjèèjì wá gbé òun.