Má Sọ Pé Ìwọ Ni

Ní Ajégúnlẹ̀, kí ọmọ tó mọ a-bí-dí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé bí wọ́n bá mú un, kó má jẹ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ lójú pópó, táyà ni wọ́n máa gbé kọ́ ọ lọ́rùn, kí wọ́n tó dáná sun ún. Ẹni tó bá ń pariwo pé "èmi kọ́" ṣì lè rí aláàánú kan tí yóò ní ẹ jẹ́ ká wádìí. Ọgbọ́n àdúgbò nìyẹn, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ràdíátù ṣe kọ́ Sàídù àbúrò rẹ̀, torí òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

Iṣẹ́ Ràdíátù ni kó máa rán tapólì ìbòrí ẹrù tó bá ya fún àwọn onítírélà ní Liverpool Road. Ibẹ̀ ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 2009 tó gbọ́ ariwo olè. Ó sáré dé ibẹ̀, ó bá Sàídù àti Monday ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bátìrì tírélà tí wọ́n ká mọ́ wọn lọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iṣẹ́ ò sí ní wáàfù tí wọ́n ti ń ru ẹrù ọkọ̀ òkun lásìkò náà, àmọ́ ta ló bi wọ́n léèrè? Wọ́n ti lù wọ́n bí ẹni máa kú. Táyà ti dé.

Bàbá Kọ̀yà, àgbà apẹja tí wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ wá bá ní Marine Beach, wà láàárín èrò. Ó ní, "Ẹ fà wọ́n lé mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọn óò wà, wọn óò máa ṣiṣẹ́ fún onímọ́tò yìí títí inú ẹ̀ ó fi yọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ẹ̀yin tó dé àdúgbò yìí." Azubuike tó ni bátìrì gan-an gbà. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí bátìrì mi. Make dem dey wash my motor, e don do."

Ṣùgbọ́n táyà nìkan ni ojú Ràdíátù ń rí. Ó da ara rẹ̀ bo àbúrò rẹ̀, ó ń ké pé, "Ọlọ́pàá! Ẹ pe ọlọ́pàá! Òfin wà nílùú yìí!" Ariwo tirẹ̀ ló borí. Ọlọ́pàá dé, wọ́n kó àwọn méjèèjì, inú Ràdíátù sì dùn. Àní, inú rẹ̀ dùn! Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sọ ọ́ sí Sàídù létí pé, "Má sọ pé ìwọ ni o. Ohun yòówù kí wọ́n fi ọ́ ṣe, ìwọ kọ́."

Monday ò lẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ sí i létí. Nígbà tí adájọ́ bi í, ó ní òun ni, ebi ló ń pa òun. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mélòó kan, ó ṣe é tán, ó lọ ń ru ẹrù ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal. Sàídù ní tirẹ̀ dúró gbọn-in. Ó ní, "Èmi kọ́, sà." Ràdíátù mi orí níbi tó jókòó sí: ọmọ tó gbọ́ràn. Adájọ́ ní kò burú, ká gbọ́ ẹjọ́; bí wọn ò ti rí oníduro, wọ́n dá Sàídù padà sẹ́wọ̀n.

Ẹjọ́ wo? Bí ọlọ́pàá tó mú wọn bá wá, Azubuike ti gbẹ́rù lọ sí Kánò. Nígbà tí Azubuike máa ráyè wá, wọ́n ti gbé ọlọ́pàá náà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Azubuike tiẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ sọ pé òun ti dárí jì í. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti di ti ìjọba. Bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jí bátìrì yẹn ló ti padà sínú ọkọ̀! Wọ́n lo bátìrì náà gbó, wọ́n ta tírélà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, Sàídù ṣì wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri tó ń dúró de ẹjọ́. Òfin tó ń fi ọdún jẹ ọmọ ènìyàn lórí ohun tí oṣù mélòó kan ì bá tán, ẹni tó bá ní ó dára, kí ọmọ tirẹ̀ náà lọ tọ́ ọ wò.

Nígbà tí Ràdíátù rí Monday tó ń gbé ìyàwó, ó yé e pé ọgbọ́n òun ti di wèrè. Ó lọ bá Sàídù lẹ́wọ̀n, ó ń sunkún, ó ní, "Jẹ́wọ́, jọ̀ọ́. Sọ pé ìwọ ni."

Sàídù ní, "Àǹtí, ta ni kí n jẹ́wọ́ fún? Wọn kì í gbé mi lọ sí kóòtù mọ́."

Lọ́dún 2015, adájọ́ àgbà kan wá sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó ní kí wọ́n tú àwọn tó ti pẹ́ ju ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Sàídù wálé. Ràdíátù tẹ́ ẹní fún un, kò lè nà gbalaja. Ìjókòó ló ń sùn, ó káwọ́ mọ́ orúnkún, torí kò sí àyè ìnàsẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ì bá tiẹ̀ bú u, ara ì bá tu Ràdíátù.

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án gangan, wọ́n mú ọkùnrin kan lẹ́bàá ilé wọn, wọ́n ní ó jí fóònù. Wọ́n ti ń yí táyà bọ̀. Ọkùnrin náà ń ké pé, "Èmi kọ́ o! Èmi kọ́!" Kí Ràdíátù tó mọ̀, ó ti sáré jáde, ó ti la ẹnu láti ké bó ṣe ké lọ́jọ́ kìíní. Sàídù di ìró rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Àǹtí, ẹ má pe ọlọ́pàá fún un."

"Wọ́n fẹ́ dáná sun ún! Ṣé o ò rí wọn ni?"

"Mo rí wọn." Ohùn rẹ̀ tutù. "Tiẹ̀ á parí lónìí. Tèmi ò tíì parí. Ẹ má ṣe é fún un bí ẹ ṣe ṣe é fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ràdíátù láyà bí abẹ́rẹ́ tapólì. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni ń wá Bàbá Kọ̀yà, àmọ́ Bàbá Kọ̀yà ti kú, kò sì sí ẹni tó jókòó síbi tó ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ta ló tún ń gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀? Àgọ́ ọlọ́pàá tàbí táyà, kò sí ẹ̀kẹta mọ́.

Ẹnì kan láàárín èrò dá a mọ̀. Ó ní, "Màámi, ó jọ pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ta lẹ ní ká pè?"

Ràdíátù wo táyà, ó wo àbúrò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí ẹni tó máa pè.